Ìpẹtà Inú Táǹkì Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ mọ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá. Ẹ mọ Peugeot 504 pẹ̀lú. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá ní Èkó, tí wọ́n sì ń to 504 ní Kàdúná. Díẹ̀ nínú wọn ṣì ń rìn. Irin ni táǹkì epo wọn, irin a sì máa dógùn-ún.

Kí ló fà á? Omi ni. Bí táǹkì kò bá kún, afẹ́fẹ́ ló gba ibi tó ṣófo. Bí òru bá tutù, omi inú afẹ́fẹ́ yẹn a sẹ̀ sí ara irin, bí ìrì ti í sẹ̀ sórí ewé. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, nítorí náà a rì sísàlẹ̀, a sì máa jẹ irin. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí epo sì gbówó lórí, díẹ̀díẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń rà. Táǹkì kì í kún mọ́. Ohun tí ìpẹtà ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Báwo la ṣe ń mọ̀? Ọkọ̀ á gbéra dáadáa, á dé ọ̀nà, á kú. Ẹ sinmi díẹ̀, á tún ṣiṣẹ́. Èérún ìpẹtà ló lọ dí ẹnu ọ̀nà epo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ó padà rì sílẹ̀. Àwọn kan á ti ní ọwọ́ ayé ni! Ẹ kọ́kọ́ bu epo ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀tù pupa nísàlẹ̀, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Ẹ má fi ẹnu fa epo o. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Láti fọ̀ ọ́, ẹ yọ okùn bátìrì, kí ẹ fa epo náà tán ní gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ sọ táǹkì kalẹ̀. Ẹ da nọ́ọ̀tì kéékèèké sínú rẹ̀, kí ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ rọ fínígà kún un, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó ṣàn án, kí ẹ tún fi omi lásán ṣàn án. Ẹ gbẹ ẹ́ kíákíá, torí irin tó mọ́ tètè ń dógùn-ún. Ẹ pààrọ̀ asẹ́ epo, kí ẹ sì rọ epo kún táǹkì.

Bí táǹkì bá ti lu ńkọ́? Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má gbé e lọ bá wẹ́dà pé ó ti ṣófo. Kò ṣófo. Èéfín epo tí ojú kò rí ṣì wà nínú rẹ̀, òun ló sì ń bú gbàù ju epo fúnra rẹ̀ lọ. Wẹ́dà tó bá fi iná kàn án lè kú níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó sàn kí ẹ wá táǹkì mìíràn rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sókè sí oòrùn, kí ẹ yọjú wò ó láti ẹnu rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ló ti lu.