Ìtọ́jú Kọ̀ǹkọ̀ Inú Omi àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Nínú Ilé
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka sọ ní ìpàdé oṣooṣù)



Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi mí léèrè ohun tí mo ń fi kọ̀ǹkọ̀ ṣe ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn kan ní oògùn ni, àwọn kan ní ọbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí ọmọ mi ọkùnrin ni. Òkè Ọya níhìn-ín ni a bí i sí, kò mọ odò ilé wa. Nígbà tí mo lọ sílé ní ọdún 2023, mo mú kọ̀ǹkọ̀ eléèékánná bọ̀ fún un, takọ-tabo.

Kọ̀ǹkọ̀ yìí kì í gbé orí ilẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Inú omi ni ó ń gbé tọ̀sán-tòru. Kò ní ahọ́n; ọwọ́ ni ó fi ń ti oúnjẹ sí ẹnu. Ẹ má fojú tín-ín-rín wò ó o. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde pé àwọn ti ka àbùdá rẹ̀, ìran èyí tí ó ti Nàìjíríà lọ ni wọ́n sì lò.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yé ẹyin, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìwọ̀n Selsiọ́ọ̀sì 25 sí 27. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ má gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé. Akọ, tí ó kéré ju abo lọ, yóò dì mọ́ ọn ní ìbàdí lóru. Ẹyin lè tó ẹgbẹ̀rún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tètè kó àwọn òbí kúrò, nítorí wọn a máa jẹ ẹyin ara wọn. Láàárín ọjọ́ 1 sí 2, légbénlègbé yóò pa. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Wọn kì í gé nǹkan jẹ. Ṣe ni wọ́n ń sẹ́ oúnjẹ nínú omi bí a ti ń sẹ́ ògì. Oúnjẹ ọmọ ẹja tí a lọ̀ kúnná ni kí ẹ fún wọn, díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù méjì, ẹsẹ̀ ti yọ, ìrù ti wọlé.

Èmi kò mọ èyí ní àkọ́kọ́. Omi àwọn àkọ́pa dọ̀tí, mo dà á nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo rọ omi ẹ̀rọ sí i. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí gbogbo wọn fi kú. Oògùn inú omi ẹ̀rọ ni ó pa wọ́n. Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò rọrùn fún bàbá láti bẹ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, omi ń wà nínú korobá láìbò fún ọ̀sán kan òru kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni a sì ń pààrọ̀.

Àwọn ìkejì yè, wọ́n sì pọ̀ jù. Mo fẹ́ dà wọ́n sí odò Kàdúná. Ọmọ mi ní, “Bàbá, ṣé àwọn tí ó wà níbẹ̀ pè wọ́n?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kọ̀ǹkọ̀ àjèjì lè kó àrùn awọ ran àwọn onílé, ó sì lè jẹ ọmọ wọn. Àwa tí a jẹ́ àlejò mọ̀ pé a kì í wọlé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Olùkọ́ rẹ̀ ni a fún lára wọn.

Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Kí ó gbé omi kalẹ̀ di ọ̀la, kí ó sì ti san owó oṣù rẹ̀.