Àgó Nínú Àgò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Tí Eyín Eku Kò Ràn

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé eku. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ eku sì pọ̀ lẹ́nu Yorùbá. A ní ẹmọ́, ẹdá, àgó, òkété àti ẹ̀lírí. Àgó ni eku abilà. Àgò ni ilé tí à ń kó adìẹ sí. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àgó yóò ṣe gbé inú àgò láìdá a lu ni kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Kuje ni mò ń gbé, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí kò jìnnà sí àwọn ilé tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún FESTAC ti 1977. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ojúlé kejì sí tèmi, tí ó ń sin eku funfun àti ẹ̀lírí funfun láti tà fún ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwádìí. Ó wá bá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ fà ro.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá, ẹ gbà mí. Àwọn abiyamọ mẹ́ta ti jẹ àpótí lu, wọ́n ti lọ.”

Mo bá a lọ. Àpótí pákó ni, ẹni tí ó kàn án sì kàn án dáadáa. Ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí pákó méjì ti pàdé, ni ihò náà wà. Àwọn ìyá ti jáde lóru, wọn kò sì rí ọ̀nà padà. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni a kà nílẹ̀, tí wọn kò tíì lajú, tí wọn kò tíì hu irun, gbogbo wọn sì ti tutù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí.

Nínú ìtàn wa, olè àti abanǹkanjẹ́ ni a sábà máa ń pe eku. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà ibi ni ó ń mú un rún pákó. Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kì í dẹ́kun dídàgbà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ti eku ńlá ń hù ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lọ́dún kan. Ojú iwájú eyín náà le ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Nítorí náà bí ó ti ń rún nǹkan ni ó ń pọ́n ara rẹ̀, bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń pọ́n àdá. Bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá pàdé mọ́, wọn yóò gùn kọjá àlà, ebi yóò sì pa eku náà láàárín oúnjẹ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé fún eku, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí eyín yóò ti rí etí dì mú. Eyín eku kò lè wọ ojú ohun tí ó tẹ́jú tí ó sì ń dán. Etí àti àlàfo ni ó ń wá. Ẹ wo eku Wistar, ìran eku funfun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sin ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní 1906, tí ó ti wọ́pọ̀ ní ilé ìwádìí káàkiri ayé. Inú àpótí ike líle ni wọ́n ń fi í sí, tí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin. Ike náà kò le tó eyín eku, síbẹ̀ eku kì í sábà jẹ ẹ́ lu, nítorí inú rẹ̀ ń dán, igun rẹ̀ ṣe roboto, etí rẹ̀ sì wà lókè lábẹ́ irin. Pákó nípọn jù ú lọ, ṣùgbọ́n pákó kún fún etí. Bákan náà ni ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí sísin ọ̀yà ti gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1980: ilé bulọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń sìn ín.

Wáyà adìẹ kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì fẹ̀. Kí ojú àwọ̀n irin má ju mìlímítà 6 lọ fún ẹ̀lírí, kí ó má sì ju 12 lọ fún eku àgbà. Kí a má sì fi àwọ̀n ṣe ilẹ̀, nítorí ó ń dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ilẹ̀ gidi ni kí a fún abiyamọ, kí a tẹ́ ohun tí káfíńtà fá lára pákó sí i. Ìtọ̀ eku ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kí a máa fọ̀ ọ́, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó eku nìkan. Ní 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ni ó ń gbé àrùn náà, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń kó o sára oúnjẹ. Eku funfun kọ́ ni eku náà. Ṣùgbọ́n ihò tí eku ọ̀sìn gbà jáde ni eku ìta yóò gbà wọlé wá jẹ oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú eku igbó tàbí eku àjà kún ohun ọ̀sìn.

Aládùúgbò mi ti pààrọ̀ àpótí rẹ̀ sí ike líle àti ọmọrí irin. Mo ní kí ó tún fi ègé igi sí inú rẹ̀, èyí tí kò ní ọ̀dà tàbí oògùn kòkòrò lára. Ó kọ́kọ́ jiyàn.

“Bàbá, ṣé kí n tún máa kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe jẹ ilé ni?”

Mo dá a lóhùn pé eyín tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ó gbà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oyún eku. Nígbà tí ó pé, abiyamọ àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun náà bí ọmọ mẹ́jọ; àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni ó lajú.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ òwe yìí, kí n tó rí ohun tí ó fara sin sínú rẹ̀: kí ìyá tó mu ọmú ọmọ, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yè.