Òkun jìnnà, Okpara wà nítòsí

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní agbègbè Tchaourou

 

Ìyá kan láàrin yín bi mí léèrè pé: «Wọ́n ní òkun tóbi, kò sì gbẹ rí. Kí ló dé tí wọn kò fa omi òkun, kí wọ́n yọ iyọ̀ inú rẹ̀, kí gbogbo ìlú lè mu ún nígbà ọ̀dá?» Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Òun ni mo fẹ́ dáhùn lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35. Ó dà bí ìgbà tí ẹ da ṣíbí ńlá iyọ̀ méjì sínú lítà omi kan. Kò ṣe é mu. Ẹni tó bá mu ún, òùngbẹ rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i ni. Ewébẹ̀ tí a bá fi bu omi rin yóò kú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yọ iyọ̀ náà. Ọ̀nà kìíní, gbogbo ẹni tó ń dáná mọ̀ ọ́n. Tí omi bá hó nínú ìkòkò, ooru rẹ̀ yóò gòkè, yóò sì di ẹ̀kán omi lábẹ́ ọmọrí. Omi abẹ́ ọmọrí kò ní iyọ̀. Iyọ̀ kù sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n igi mélòó ni a ó dá kí omi odindi ìlú tó hó?

Ọ̀nà kejì ni wọ́n ń lò jù lónìí. Ẹ̀rọ ń ti omi òkun gba inú awọ kan tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Omi kọjá, iyọ̀ kò kọjá. Ó dà bí asẹ́ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì: ògì kọjá, èèrí kù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán tó fún ògì. Omi òkun kò gbọ́ ti ọwọ́. Agbára tí ẹ̀rọ fi ń tì í tó nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà alùpùpù.

Iná mànàmáná ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. 1000 lítà omi jẹ́ bídọ̀n 50, tí bídọ̀n kan bá gba 20 lítà. Kí wọ́n tó rí bídọ̀n 50 yìí láti inú òkun, wọ́n á lo iná tó lè mú kí gílóòbù kékeré oní-wáàtì 10 tàn tọ̀sán tòru fún ọjọ́ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́la, wọ́n á tún san owó iná náà. Lọ́túnla, wọ́n á tún san án. Owó náà kò dáwọ́ dúró.

Ǹjẹ́ àwọn kan ti ṣe é? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní àwọn erékùṣù Cap-Vert, omi odò ṣọ̀wọ́n gan-an. Ó lé ní ogójì ọdún tí ìlú Mindelo ti ń mu omi òkun tí a yọ iyọ̀ rẹ̀. Kò sí odò tí wọn ì bá yà sí.

Ní Gánà, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Teshie, lẹ́bàá Accra, ní ọdún 2015. Wọ́n kọ́ ọ kí ó lè mú 60 mílíọ̀nù lítà omi jáde lójúmọ́. Èyí jẹ́ 3 mílíọ̀nù bídọ̀n. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ wọ́n ju omi odò lọ, àríyànjiyàn sì dìde lórí ẹni tí yóò san owó náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ilé iṣẹ́ náà dá iṣẹ́ dúró. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, òkun kò gbẹ. Owó ni ọ̀ràn.

Ní Sẹ̀nẹ̀gà, láti adágún Guiers ni páìpù ti ń gbé omi wá sí Dakar. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 200. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, páìpù ńlá kan bàjẹ́ ní Keur Momar Sarr, ìlú ńlá náà sì wà nínú àìrómi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ omi òkun sí Mamelles ní ọdún 2022, pẹ̀lú owó tí Jàpáànì yá wọn. Ìlú etí òkun tí ọ̀nà omi rẹ̀ gùn báyìí ní ìdí láti ná irú owó bẹ́ẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ọ̀nà láti Tchaourou dé òkun lé ní kìlómítà 300. Ilẹ̀ wa sì ga ju etí òkun lọ. Omi kì í dá gun òkè fúnra rẹ̀. Owó ni a ó fi yọ iyọ̀, owó ni a ó tún fi tì í gòkè. Kútọnù pàápàá, tó wà létí òkun, omi abẹ́ ilẹ̀ Godomey ló ń fà mu.

Àwọn bàbá wa ní: a kì í wà létí odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Odò wo ni mo ń sọ? Okpara ni. Wọ́n sé e ní Kpassa, lórí ilẹ̀ Tchaourou wa níbí, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi Parakou ti ń wá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: omi ìlú ńlá wà lọ́wọ́ àwa ará oko.

Kí ló lè ba omi yìí jẹ́? Tí a bá gé gbogbo igi etí odò, òjò yóò gbá yẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ yóò gba àyè omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò sí, omi kò ní tó. Tí a bá fọ agolo oògùn òwú nínú odò, oògùn náà yóò ṣàn lọ bá ìsédò. Ọmọ tiwa tó ń pọn omi létí odò ni yóò kọ́kọ́ mu ún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́ta. Èkíní: ẹ má ṣe ro oko dé etí odò. Òfin igbó ti ọdún 1993 ní kí a má ṣe ṣán igbó láti etí omi dé mítà 25. Èkejì: ẹ má ṣe fọ agolo oògùn tàbí ẹ̀rọ ìfọ́noògùn nínú odò. Ẹ má sì fi agolo náà pọn omi. Ẹ̀kẹta: ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ àti darandaran fẹnu kò sí ojú kan tí màlúù yóò ti máa mu omi.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn. Ilẹ̀ etí odò ló tutù jù. Ẹni tó bá fi mítà 25 sílẹ̀ ti fi ata àti tòmátì rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ará ìlú nìkan ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Rárá o. Ẹni tó ń ṣọ́ odò gbọ́dọ̀ rí omi tó mọ́ mu.

Ibí yìí ni ìwé tí ẹ ń kọ́ yóò ti wúlò. Ẹ mú ìwé àjákọ. Ẹ kọ iye pọ́ǹpù tó wà ní abúlé yín. Ẹ kọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọjọ́ tí èyí tó bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ kọ bí ọ̀nà omi ṣe jìn tó. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá àdúgbò àti méírì. SONEB ló ń bójú tó omi ìlú ńlá. Láti ọdún 2017, ANAEPMR ni ìjọba dá sílẹ̀ fún omi abúlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè fò lọ. Èyí tí a kọ sílẹ̀ kò ní fò lọ.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ìlú tó bá gbàgbé abúlé tí omi rẹ̀ ti ń wá, òùngbẹ ń dúró dè é.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.