Ìwé Aláìsàn Kì Í Ṣe Ìwé Tí A Fi Ń Di Ẹ̀pà

 

Ní ọjọ́ kan, a ra ẹ̀pà yíyan lẹ́bàá ọ̀nà, nítòsí àwọn ilé-iṣẹ́ Chikaji. Nígbà tí a jẹ ẹ́ tán, a rí i pé ìwé tí wọ́n fi dì í kì í ṣe ìwé ìròyìn. Orúkọ ènìyàn wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, àti ohun tí wọ́n rí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ Yorùbá ni. A ti ka ìlà méjì kí a tó mọ ohun tí à ń kà, a sì yára ká a kò.

A kò bá ìyá ẹlẹ́pà wí, nítorí bí ó ti máa ń ra ìwé àtijọ́ náà ni ó ṣe ra èyí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí ó ń kó kúrò nínú ilé tí ó háyà ni ó kó fáìlì rẹ̀ dànù. A ra gbogbo èyí tí ó kù lọ́wọ́ ìyá náà, a sì gbé e padà fún dókítà tí ó ni ín. Ojú tì í. Ó ní òun rò pé ìwé tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan mọ́, pé ó ṣeé ṣe kí àwọn mìíràn nínú àwọn ènìyàn náà tilẹ̀ ti kú.

Bí wọ́n bá ti kú ńkọ́? Ìkéde Geneva, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 1948, ní kí oníṣègùn pa àṣírí aláìsàn mọ́. Ní 1968 wọ́n fi kún un pé àní lẹ́yìn ikú rẹ̀ pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan. Kì í ṣe ibi ìjẹ́wọ́ ni a ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́ láìdárúkọ òun. Ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní ikọ́ fée. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò lò fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ ìlú rẹ̀ kan wà níbi tí wọ́n ti ń kó fáìlì. Ẹni yìí kò ní ìkà nínú. Àánú ni ó ṣe é. Ó sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ó ní kí wọ́n dá owó fún un. Wọ́n dá owó náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, onílé ti gbọ́, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sì ti gbọ́. Ẹyin lohùn. Ọkùnrin náà pa oògùn tì ní oṣù kejì, ó wọkọ̀ lọ sílé láìmú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí yóò fi padà, ikọ́ ti ran ọmọbìnrin rẹ̀.

Owó àánú náà kò tó ohun tí ó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni níhìn-ín gan-an, ní Saye, ni ibùdó orílẹ̀-èdè wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nípa ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀, àìsàn méjèèjì tí àwọn ènìyàn ń fi pamọ́ jù.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Abala 25 ní kí olórí ilé ìwòsàn rí i pé àkọsílẹ̀ wà fún olúkúlùkù aláìsàn, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Abala 26 ní àṣírí ni àìsàn ènìyàn, ìtọ́jú rẹ̀, àní pé ó wà ní ilé ìwòsàn pàápàá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa àlùfáà nìyí: ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti ka orúkọ aláìsàn níbi Mísà, tí a sọ wọ́ọ̀dù tí ó sùn sí àti ohun tí ń ṣe é, láìbi í léèrè? A jẹ̀bi, a ó sì tún un ṣe.

Àwọn kan yóò wí pé, ǹjẹ́ kò yẹ kí aládùúgbò mọ̀ bí àìsàn bá ń ràn? Èdìdì ìjẹ́wọ́ kò ní àyè kankan tí a lè gbà tú u, ṣùgbọ́n ti oníṣègùn ní. Ó lè sọ ọ́ bí aláìsàn bá fọwọ́ sí ìwé, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, bí òbí bá béèrè nítorí ọmọdé, tàbí bí ìpamọ́ náà bá lè kó ewu ńlá bá ìlera gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè wá àwọn tí ó ń bá a gbé yàrá, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Èyí yàtọ̀ sí kí akọ̀wé máa ròyìn níbi ìpàdé. Ẹni tí ó bá sì ti lo oògùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, agbára rẹ̀ láti kó o ran ẹlòmíràn a máa dínkù púpọ̀. Ẹni tí ó sá fún oògùn ni kí a bẹ̀rù, ìtìjú ni ó sì ń lé e sá.

Lábẹ́ abala 29, ẹni tí ó bá wo àkọsílẹ̀ láìgba àṣẹ, tàbí tí ó bà á jẹ́ láìgba àṣẹ, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì gbára, tàbí kí ó san ₦250,000, tàbí méjèèjì.

Ọdún mélòó ni kí a tọ́jú fáìlì? Abala 25 kò ka iye. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti 2023 ní kí a má ṣe fi í pamọ́ ju ìgbà tí a nílò rẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ àwọn mìíràn nínú yín wà, ọ́síbítù a máa tọ́jú fáìlì àgbàlagbà fún ọdún 8 lẹ́yìn ìtọ́jú rẹ̀ ìkẹyìn, ti ọmọdé a sì máa wà títí yóò fi pé ọdún 25. Bí àkókò bá tó, ṣe ni kí a gé ìwé náà wẹ́wẹ́ tàbí kí a sun ún, kì í ṣe kí a tà á.

Fún àwa tí à ń ti ìhà àríwá lọ sílé, tí à ń ti ilé padà, òfin 2023 yìí fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa wa. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀.

Dókítà tí a gbé fáìlì padà fún ti ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọkùnrin tí ó wúkọ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ lákọ̀tun ní ilé ìwòsàn mìíràn, ó sì parí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ náà parí tirẹ̀. Kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́.