Nígbà Tí Ìfun Bá Wú

Bí ikùn èèyàn bá wú tó le bí ìlù, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún?

Ó lè jẹ́ pé ìfun ló dí: ìpá lè fún ìfun, ìfun sì lè lọ́ pọ̀. Bó bá ti dí, afẹ́fẹ́ àti omi á máa kó jọ sẹ́yìn ibẹ̀, ìfun á máa fẹ̀. Bó ṣe ń fẹ̀ ló ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà ló kọ́kọ́ ń pa pọ̀, torí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò ríbi jáde. Ìfun á wú, á pọ́n, á dúdú. Tó bá yá, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá náà á dí. Awọ inú ìfun ló kọ́kọ́ ń kú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá pátápátá, láàárín nǹkan bíi wákàtí 6, ìfun lè kú, kó lu, kí ìgbẹ́ dà sínú ikùn.

Ibi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Bó bá fẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 12, ẹ̀rù bíbẹ́ ń bẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún inú rírun tó ń wá tó ń lọ, tó wá di èyí tí kò dáwọ́ dúró mọ́, fún èébì, àti bí ẹ kò bá lè yàgbẹ́, tí ẹ kò sì lè só. Ẹ má lo oògùn ìyàgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra ikùn yín. Ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.