Èmi Náà Ń Pè É Ní Òròbó

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 8, “Òròbó” la máa ń pè é nílé. Èmi gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Màmá wa ní ọmọ náà ń jẹun dáadáa ni. Àfìgbà tó ní òun ò lọ gbá bọ́ọ̀lù mọ́, pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Mo wá wo ara ike míníráà 50cl tó máa ń mu tó bá ti iléèwé dé. Ṣúgà gíráàmù 53! Gíráàmù 4 ló wà nínú ṣíbí tíì kan, ẹ ṣírò ẹ̀: ó lé ní ṣíbí 13. Ta ló máa da ìyẹn sínú ògì ọmọ?

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi òfin de ọmọ nìkan. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àwa la rà á wọlé.” Míníráà ò wọ fíríìjì wa mọ́, títí kan tèmi (kò rọrùn o!). A ò febi pa á, ọmọ tó ń dàgbà ni. Abọ́ ẹ̀ la dín kù díẹ̀, ẹ̀fọ́ sì pọ̀ sí i. WHO ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́ ṣeré tó ń mú ara gbóná, torí náà èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Orúkọ ẹ̀ gangan ni mo sì ń pè é báyìí. Lánàá, góòlù mẹ́ta ló jẹ lára mi.