Edmund Fitzgerald: Ògiri Tí Kò Sí Nínú Ọkọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 1975, ọkọ̀ akẹ́rù Edmund Fitzgerald rì sínú adágún Superior, ní ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà, òun àti gbogbo òṣìṣẹ́ 29 tó wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ibi tí omi gbà wọlé. Àríyànjiyàn náà kò burú, ṣùgbọ́n ó bo ìbéèrè tó wúwo jù ú lọ mọ́lẹ̀: nígbà tí omi wọlé tán, kí ló wà níbẹ̀ tí ì bá dá a dúró? Kò sí nǹkan kan, àìsí rẹ̀ yìí ni mo sì gbà pé ó ṣekú pa wọ́n ju ìjì lọ.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1869, nígbà tí Eli Peck kan R. J. Hackett ní Cleveland. Peck gbé yàrá awakọ̀ sí iwájú pátápátá, ó gbé ẹ́ńjìnnì sí ìdí ọkọ̀, ó sì fi gbogbo àárín sílẹ̀ fún ẹrù, kí wọ́n lè máa da òkúta irin sí i láti òkè kí wọ́n sì máa kó o jáde láìsí ìdíwọ́. Ọgbọ́n ńlá ni, torí irú ọkọ̀ yìí ló ń gbé irin Minnesota lọ sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní ìlú bíi Cleveland àti Detroit. Bí wọ́n ṣe ń kàn án gùn sí i, ibodè omi ló ń pààlà fún wọn. Ìdí nìyẹn tí Fitzgerald, tí wọ́n sọ sómi ní 1958, fi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 729: ibodè omi St. Lawrence tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà kò ní gba ju 730 lọ. Ihò ìkẹ́rù 21 ló wà lórí rẹ̀, tí ìdérí irin bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀, wọ́n pín àyè ẹrù sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi pín in kò lè dá omi dúró. Èyí tó dùn mí jù ni pé ní 1969, 1971 àti 1973, wọ́n yí òfin padà kí irú ọkọ̀ yìí lè gbẹ́rù sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé, nígbà òtútù tí ìjì ń jà, Fitzgerald lè rì wọ omi ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ pẹ̀lú ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 3.

Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà ní ìdérí ihò ìkẹ́rù tí kò dé dáadáa ló jẹ́ kí omi wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní rárá, pé ọkọ̀ náà ti fi ìdí gbá ilẹ̀ nítòsí erékùṣù Caribou ni. Èyíkéyìí tí a bá gbà, ibì kan náà ló já sí: omi wọ inú ọkọ̀ tí kò sí ohun tó lè dá a dúró. Kóro irin tí wọ́n kó wúwo gan-an, ọkọ̀ a ti rì dé ìwọ̀n rẹ̀ kí inú rẹ̀ tó kún, àyè tó ṣẹ́kù sì pọ̀ fún omi. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kápútẹ́ẹ̀nì McSorley ti sọ lórí rédíò pé ọkọ̀ ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé àwọn ti ń fi ẹ̀rọ fa omi jáde. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kó tó di pé ọkọ̀ náà pòórá.

Àwọn kan á ní gígùn rẹ̀ ló pa á. Ṣùgbọ́n Arthur M. Anderson, tó ń tẹ̀ lé e nínú ìjì kan náà, gùn jù ú lọ, ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Kódà ó padà lọ wá wọn. Ẹlòmíì lè bi mí pé ṣé Anderson ní ògiri tó lè dá omi dúró ni? Bí kò tilẹ̀ ní, ògiri kì í ṣiṣẹ́ títí omi yóò fi wọlé, ọkọ̀ tí omi kò wọ̀ kò sì lè jẹ́rìí pé a kò nílò rẹ̀. Àtakò tó lágbára ni ti owó, pé ògiri á dín ẹrù kù, á sì dí ẹni tó ń kó o jáde lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìpín mẹ́ta ti wà nínú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n dí ìpààlà wọn pa, kó sì lágbára tó láti gba ìwọ̀n omi dúró. Yóò náni lówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gba àyè ẹrù tó bẹ́ẹ̀. Fitzgerald kò ké gbàjarè kankan kó tó rì, èyí tó fi hàn pé òjijì ni. Ògiri kò lè lé ìjì lọ. Àkókò ló ń fúnni, Whitefish Bay tí wọ́n ń sá lọ fún ààbò kò sì ju nǹkan bíi máìlì 17 lọ mọ́.